Erinmi, Erin àti Àbùùbùtán: Orúkọ Ẹranko, Egungun àti Àwòṣe Oníhà-mẹ́ta

Ìfáárà

Ìpínlẹ̀ Niger, tí Minna jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ni Ọgbà Ìpamọ́ Ẹranko ti Kainji wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan rẹ̀ nasẹ̀ wọ Ìpínlẹ̀ Kwara. Ọdún 1979 ni ìjọba àpapọ̀ fi ẹsẹ̀ ọgbà náà múlẹ̀ nípa síso igbó ìpamọ́ Borgu pọ̀ mọ́ ti Zugurma. Odò Oli ṣàn gba apá ti Borgu kọjá, inú odò yìí sì ni erinmi ń gbé. Ẹranko kan náà ni, ṣùgbọ́n ojú tí èdè kọ̀ọ̀kan fi wò ó yàtọ̀. Hausa, tí í ṣe èdè ọjà ní Minna, pè é ní dorina, orúkọ tí kò fi í wé ẹranko mìíràn. Gíríìkì àtijọ́ pè é ní ẹṣin odò, orúkọ yìí sì ni Gẹ̀ẹ́sì yá lò títí di òní. Yorùbá ní tirẹ̀ kan ọ̀rọ̀-orúkọ méjì pọ̀, erin àti omi. Ìpajẹ fáwẹ́lì mú /o/ kúrò, ó sì di erinmi.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbátan ni a ń bèèrè, erinmi kì í ṣe ẹbí ẹṣin, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹbí erin. Àbùùbùtán inú òkun ni ó sún mọ́ ọn jù lọ nínú gbogbo ẹranko tí ó wà láyé lónìí. Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí àlọ́ létí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, nítorí pé àbùùbùtán kò ní ẹsẹ̀, kì í wá sórí ilẹ̀, ẹja sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí. Bí àwọn onímọ̀ ṣe dé orí ìpinnu yìí, àti ohun tí àwòṣe oníhà-mẹ́ta inú kọ̀ǹpútà ti fi kún un, ni kókó ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí iṣẹ́ olùkọ́ èdè. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń fi egungun wé egungun jọ èyí tí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè fi ń fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀. Orúkọ tí Yorùbá sì fún ẹranko ni ọmọ Yorùbá yóò kọ́kọ́ gbé dé kíláàsì kí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó la ẹnu.

Ìbátan ọ̀rọ̀ àti ìbátan egungun

Ọ̀rọ̀ náà mọfọ́lọ́jì, tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ gírámà Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ọmọ bíbí inú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Goethe, akéwì ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ lò ó fún ìmọ̀ nípa ìrísí ewéko àti ẹranko. Ní 1859 ni August Schleicher mú un wọ inú ẹ̀kọ́ èdè. Schleicher yìí kan náà ti ya igi ìdílé èdè ní 1853, ọdún mẹ́fà kí ìwé Darwin lórí bí irúfẹ́ ẹranko ṣe ń pọ̀ sí i tó jáde. Nígbà tí ó sì ka ìwé náà tán, ó kọ tirẹ̀ ní 1863 láti fi hàn pé èdè àti ẹranko jọ ń tọ ọ̀nà kan náà. Ìmọ̀ méjèèjì ti ń yá nǹkan lọ́wọ́ ara wọn tipẹ́.

Àpẹẹrẹ kò jìnnà. Yorùbá ní omi, Ígálà ní omi. Yorùbá ní ẹja, Ígálà náà ní ẹja. Ohun àjogúnbá ni èyí, nítorí pé inú ìdílé kan náà ni èdè méjèèjì ti jáde. Yorùbá ní àlùbọ́sà, Hausa sì ní albasa. Àwọn méjèèjì jọra gan-an, ṣùgbọ́n ọjà ni ó so wọ́n pọ̀, kì í ṣe ìdílé. Onímọ̀ tí ó bá ka àlùbọ́sà sí ẹ̀rí pé ọmọ ìyá ni Yorùbá àti Hausa ti ṣìnà. Nítorí náà, ìjọra nìkan kò tó; ohun tí ó fa ìjọra ni a gbọ́dọ̀ wádìí.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ara ẹranko. Àdán ní ìyẹ́, ẹyẹ náà ní ìyẹ́, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ tí ó gùn tẹẹrẹ, tí awọ sì so pọ̀, ni ìyẹ́ àdán. Àwọn àgbà tí wọ́n sọ pé àjàò kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ, ti rí i pé ìyẹ́ nìkan kò lè sọ ẹranko di ẹyẹ. Ní ti erin àti erinmi, àwọn méjèèjì tóbi, ẹsẹ̀ wọn ki, awọ wọn nípọn, irun wọn kò tó nǹkan. Ìwọ̀n ara ni ó fa ẹsẹ̀ kíki, nítorí ẹranko tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti àgbọ̀nrín. Ìjọra yìí kò ju ti àlùbọ́sà lọ.

Ohun tí eyín wí, ohun tí kókósẹ̀ wí

Yorùbá kì í pe eyín erin ní ìwo. Eyín ni ó pè é, ó sì gbà á. Eyín iwájú nínú párì òkè ni ó gùn jáde lẹ́nu erin. Ti erinmi yàtọ̀: eyín ẹ̀gbẹ́ ẹnu, irú èyí tí ajá fi ń fa ẹran ya, ni ó tóbi jù nínú tirẹ̀, párì ìsàlẹ̀ ni ó sì ti yọ sókè. Orí eyín ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì ti ní ohun ìjà wọn. Ọmọ-ìka mẹ́rin ni erinmi ní ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, erin ní márùn-ún. Eyín tí erin fi ń lọ oúnjẹ kì í hù láti ìsàlẹ̀ sókè bí ti ènìyàn. Ẹ̀yìn ni ó ti ń rọra sún wá síwájú, bí èyí tó wà níwájú ti ń jẹ tán, títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀mẹfà.

Ẹranko kan wà nínú Odò Ọya àti nínú adágún Kainji tí eyín rẹ̀ náà ń ti ẹ̀yìn sún wá síwájú, tí ọmú rẹ̀ wà lẹ́bàá abíyá bí ti erin, tí èékánná sì wà létí àjẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Ayu ni Hausa ń pè é. Òun gan-an ni ẹbí erin tí ń gbé inú omi. Ìbátan erin kejì ni ọ̀wàwà, ẹranko kékeré orí igi tí igbe rẹ̀ ń da oorun mọ́ ni lójú lóru; eyín iwájú òkè tirẹ̀ náà kì í dẹ́kun híhù. Ní 1998 ni àwọn onímọ̀ fún agbo tí erin, ayu àti ọ̀wàwà wà nínú rẹ̀ ní orúkọ Afrotheria, nítorí pé ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n gbà pé agbo náà ti ṣẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìdílé ni Yorùbá wò kí ó tó sọ orúkọ, ayu ni ìbá jẹ́ erinmi.

Ní ti erinmi fúnra rẹ̀, kókósẹ̀ ni ẹ̀rí wà. Oríkèé kan wà ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ewúrẹ́ tí ó dà bí orúnkún tí ó yí padà sẹ́yìn. Kì í ṣe orúnkún. Kókósẹ̀ ni, nítorí orí ọmọ-ìka ni ewúrẹ́ ń rìn. Egungun kan wà nínú oríkèé yìí tí ó ní kọ̀ǹgọ́ méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, bí ìgbà tí a bá fi òwú fún ìrere méjì láàárín. Ewúrẹ́, àgùntàn, màlúù, ẹlẹ́dẹ̀, ẹtu àti erinmi ni ó ní irú rẹ̀. Ẹṣin kò ní in, erin kò ní in. Ẹni tí ó bá ń tú ẹran Iléyá lè rí i fúnra rẹ̀.

Ní 1999, Norihiro Okada àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáànù fi ẹ̀rí inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara, ìyẹn DNA, fi hàn pé erinmi àti àbùùbùtán jọ wá láti ọ̀dọ̀ baba ńlá kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń fi egungun ṣe iṣẹ́ kò gbà. Eyín àbùùbùtán àtijọ́ jọ ti ẹranko ajẹran kan tí ó ti run, ìran yẹn ni wọ́n sì fi í tì sí. Kò sì sí bí a ṣe fẹ́ wo kókósẹ̀ àbùùbùtán òde òní, nítorí kò ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ní 2001 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn ikọ̀ méjì, ti Philip Gingerich àti ti Hans Thewissen, gbé egungun ẹsẹ̀ àbùùbùtán ìgbà láéláé tí wọ́n wú ní Pakistan jáde, kókósẹ̀ oníkọ̀ǹgọ́ méjì sì wà lára wọn. Gingerich, tí ó ti wà lára àwọn tí wọ́n ta kò èrò náà tẹ́lẹ̀, yí ohùn padà. Irú ìwà bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé, ó sì yẹ kí a mẹ́nu bà á.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe àwòṣe

Títí di ìgbà tí kọ̀ǹpútà fi wọ iṣẹ́ yìí, ojú, ọwọ́ àti irin ìwọ̀n ni onímọ̀ fi ń fi egungun wéra. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi egungun ìlú kan wé ti ìlú kejì yóò wọ ọkọ̀ òfurufú. Bí ó bá sì fẹ́ mọ inú egungun, yóò gé e. Egungun tí a gé kò ṣe é so padà.

Ẹ̀rọ CT, tí àwọn dókítà ń lò nílé ìwòsàn, ni ó kọ́kọ́ tú ìdè yìí. Godfrey Hounsfield àti Allan Cormack, ẹni tí a bí ní Johannesburg, gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1979. Ìtànṣán x-ray ni ẹ̀rọ náà ń rán gba ara nǹkan kọjá láti ìhà gbogbo. Kọ̀ǹpútà a wá ṣírò bí inú rẹ̀ ṣe rí ní ègé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹni tí ó gé iṣu láìfi ọ̀bẹ kàn án. Bí ó bá to àwọn ègé náà léra, àwòṣe oníhà-mẹ́ta ni yóò jáde: ohun tí a lè yí, tí a lè là sí méjì, tí a sì lè tún pa dé. Ọ̀nà kejì rọrùn jù. Wọn a ya fọ́tò púpọ̀ yí egungun ká, kọ̀ǹpútà a sì fi wọ́n mọ bí ojú egungun náà ṣe rí, ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí kò lè wọ inú.

Àwòṣe nìkan kọ́ ni iṣẹ́. Onímọ̀ a yan àwọn ojú-àmì sí ara egungun kọ̀ọ̀kan, ibi kan náà ni gbogbo wọn: etí kọ̀ǹgọ́, ṣóńṣó ìmú egungun, ibi tí iṣan ti so. Ojú-àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́ta tí ó sọ ibi tí ó wà. Kọ̀ǹpútà a wá sọ gbogbo egungun di ìwọ̀n kan, a sì gbé wọn lé ara wọn, tí ó fi jẹ́ pé a lè fi kókósẹ̀ ewúrẹ́ wé ti erinmi láìsí pé títóbi da ìrísí rú. Ibi yíyan ojú-àmì ni ọgbọ́n wà. Ẹni tí ó bá fi ojú-àmì sí ibi tí kò bára mu dà bí ẹni tí ó fi àlùbọ́sà ṣe ẹ̀rí ìdílé. Kọ̀ǹpútà yóò ṣírò fún un láìjanpata, èsì rẹ̀ yóò sì jẹ́ irọ́.

Etí àbùùbùtán ilẹ̀ Tógò

Iṣẹ́ kan tí ó fi agbára àwòṣe yìí hàn dáadáa ti ilẹ̀ Tógò wá. Ní Kpogamé, ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà, wọ́n ń wa fọ́síféètì tí a fi ń ṣe ajílẹ̀. Ìsàlẹ̀ òkun ni ibẹ̀ jẹ́ nígbà kan, àwọn tí ń wa ilẹ̀ sì máa ń bá egungun pàdé. Ní 2014, Gingerich àti Henri Cappetta fún àbùùbùtán àtijọ́ kan láti ibẹ̀ ní orúkọ Togocetus. Ẹsẹ̀ ṣì ń bẹ lára ìran àbùùbùtán ìgbà yẹn.

Ní 2017, Mickaël Mourlam àti Maeva Orliac, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Montpellier ní ilẹ̀ Faransé, gbé egungun etí irúfẹ́ àbùùbùtán méjì láti Kpogamé sínú ẹ̀rọ CT. Ọjọ́ orí àwọn egungun náà wà láàárín mílíọ̀nù 46 sí mílíọ̀nù 43 ọdún. Ìbéèrè wọn rọrùn láti bi, ó sì ṣòro láti dáhùn: kí ni àwọn ẹranko yìí ń gbọ́? Lára àbùùbùtán òde òní, àwọn tí ó ní eyín ń fi ohùn tí ó ga kọjá ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́ wá ọ̀nà àti oúnjẹ, nípa gbígbọ́ gbohùngbohùn rẹ̀. Àwọn tí kò ní eyín ń fi ohùn tí ó rẹlẹ̀ jù fún etí wa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Èwo ni ó ṣáájú nínú méjèèjì?

Etí kò fi ẹran sílẹ̀ fún ọdún tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó kù ni ihò kan nínú egungun tí ó le jù lọ nínú orí, ihò tí ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Inú rẹ̀ ni ẹ̀yà tí ń gbọ́ ohùn wà nígbà tí ẹranko náà wà láàyè. Àwòṣe tí wọ́n ṣe kì í ṣe ti egungun, ti òfìfo inú rẹ̀ ni. Àwọn asúdẹ Ifẹ̀ yóò lóye èyí kíákíá: ìda yọ́ lọ, ó fi àyè sílẹ̀, àyè yẹn ni ó sì mọ bí ère yóò ṣe rí. Bí ìkarahun náà ṣe gùn tó àti bí ó ṣe lọ́ tó ni a fi ń mọ irú ohùn tí ẹranko lè gbọ́.

Èsì rẹ̀ ni pé kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Etí àwọn àbùùbùtán Tógò kò tíì jẹ́ ti ohùn gíga jù, kò tíì jẹ́ ti ohùn ìsàlẹ̀ jù. Ti àwọn ìbátan wọn orí ilẹ̀ ni ó jọ. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n ti di ará òkun pátápátá ni ìdílé kọ̀ọ̀kan wá gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Láìsí àwòṣe, fífọ́ egungun náà nìkan ni ọ̀nà tí à bá fi rí ihò yìí, nígbà tí a bá sì fọ́ ọ tán, kò sí ohun tí ẹlòmíràn yóò fi yẹ iṣẹ́ náà wò.

Ibi tí egungun wà

Nàìjíríà náà ní àbùùbùtán àtijọ́ tirẹ̀. Ameki ní ìlà-oòrùn gúúsù ni wọ́n ti wú egungun párì rẹ̀. Charles William Andrews ni ó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní London ní 1920, ó sì sọ ọ́ ní Pappocetus lugardi. Lugard tí orúkọ náà ń tọ́ka sí ni gómìnà-àgbà tí ó so àríwá pọ̀ mọ́ gúúsù ní 1914. Bẹ́ẹ̀ ni ẹranko tí ó gbé ayé ju mílíọ̀nù 40 ọdún lọ kí Lugard tó dé ṣe wá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìtàn náà kò sì dúró sí etí òkun wa. Ní 2019, Olivier Lambert àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kéde àbùùbùtán ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan láti ilẹ̀ Peru, Peregocetus, ẹni mílíọ̀nù 42.6 ọdún. Àwọn ti Áfíríkà ni wọ́n rí i pé ó sún mọ́, wọ́n sì gbà pé láti apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ìran náà ti la Àtìláńtíìkì kọjá, nígbà tí òkun náà kò tíì fẹ̀ tó báyìí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi egungun wọ̀nyí wéra ní láti dé London, dé Montpellier, dé Peru. Níbi yìí ni àwòṣe ti kan akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa. Láti 2017, ilé-ẹ̀kọ́ àti mùsíọ́mù 18 ní Amẹ́ríkà pawọ́ pọ̀ ṣe iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní oVert. Wọ́n gbé ẹranko tí ó lé ní 13,000 sínú ẹ̀rọ CT. Orí MorphoSource, àkójọ tí Yunifásítì Duke dá sílẹ̀, ni wọ́n kó àwòṣe wọn sí fún ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ. Olùkọ́ kan ní Gidan Kwano, níbi tí Yunifásítì Ìmọ̀-ẹ̀rọ ti Minna ní ọgbà sí, lè ṣí irú àwòṣe bẹ́ẹ̀ níwájú kíláàsì rẹ̀, bí iná bá wà. (Ìsédò Kainji tí wọ́n parí ní 1968 wà lára ibi tí iná náà ti ń wá, tí ó fi jẹ́ pé omi ilé erinmi náà ni yóò tan kọ̀ǹpútà.) Àwòṣe tí a lè wò kò sọ ẹni tí ó ní egungun, kò sì dá egungun padà. Ohun tí ó ṣe kò ju pé ọmọ Minna àti ọmọ Montpellier lè jọ jiyàn lórí ohun kan náà, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Èdè tí a ó fi jiyàn

Ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí Babátúndé Fáfúnwá darí ní Ifẹ̀ láti 1970 ti fi hàn pé ọmọdé lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì. Èdè-ìperí ni ìṣòro tí ó kù, ẹ̀ka tí a ń wò yìí kò sì tíì ní púpọ̀. Oníhà-mẹ́ta tí a ń lò bọ̀ kò burú, àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè rò pé ohun tí ó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ni. Gígùn, ìbú àti gíga ni ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún jù ni ìdàgbàsókè, tí àwọn kan ń lò fún bí irúfẹ́ ẹranko ṣe ń yí padà. Ìdàgbàsókè ní ìtẹ̀síwájú nínú. Àbùùbùtán tí ó pàdánù ẹsẹ̀ kò tẹ̀ síwájú, kò sì rẹ̀yìn. Ó yí padà ni. Àyípadà ìran-dé-ìran sàn jù, bí ó tilẹ̀ gùn.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni torí kókósẹ̀ sọ pé erinmi jẹ́ àṣìpè. Ibùgbé àti títóbi ni orúkọ náà ń sọ, ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àbùùbùtán, ohun tí a bù bù tí kò tán: ẹni tí ó rí òkú rẹ̀ ní etíkun, tí gbogbo ìlú ń bù lára rẹ̀, ni ó sọ ọ́. Ní 2015, nígbà tí Fabrice Lihoreau, Jean-Renaud Boisserie, Fredrick Kyalo Manthi àti Stéphane Ducrocq rí baba ńlá erinmi kan tí ó jẹ́ ẹni mílíọ̀nù 28 ọdún ní Lokone, ilẹ̀ Kenya, wọn kò wá orúkọ gómìnà kankan. Epirigenys lokonensis ni wọ́n sọ ọ́. Èdè Turkana, tí wọ́n ń sọ ní agbègbè náà, ni wọ́n ti mú epiri, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni erinmi.

Ohun kan wà tí Yorùbá mọ̀ tí àwòṣe egungun kò lè sọ. Bí a bá ṣí àwòṣe orí erin nínú kọ̀ǹpútà, ihò ńlá kan ni a óò rí ní àárín iwájú orí. Ẹni tí kò rí erin rí lè pè é ní ojú. Imú ni. Ibẹ̀ ni ohun tí Yorùbá ń pè ní ọwọ́jà ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí erin fi ń já ewé, tí ó fi ń fa omi, tí ó fi ń ki ọmọ rẹ̀. Kò sí egungun kan ṣoṣo nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.